Gíláàsì Tí Kò Gba Aró: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ Ẹnu

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ yàrá àyẹ̀wò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà gba iṣẹ́ tí a rán sí i kò yé mi títí mo fi fi ojú àrokò wò ó. Bí àrokò bá dé, oníbodè ni yóò kọ́kọ́ gbà á, ìránṣẹ́ kan yóò fi lé òmíràn lọ́wọ́, títí yóò fi dé ààfin. EGFR ni oníbodè tí ó dúró lára awọ sẹ́ẹ̀lì. RAS àti PI3K wà lára àwọn ìránṣẹ́. Kóró sẹ́ẹ̀lì, níbi tí jíìnì wà, ni ààfin. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹnu, oníbodè yìí ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń kéde pé kí sẹ́ẹ̀lì máa pín nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́.

Ariwo yẹn nìkan kò tó, nítorí pùrótíìnì kan tí ń jẹ́ p53 wà nílé tí ó máa ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró bí jíìnì sẹ́ẹ̀lì náà bá bàjẹ́. Èéfín sìgá sì wà lára ohun tí ń ba jíìnì p53 fúnra rẹ̀ jẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, wọ́n gbé gíláàsì kan fún mi tí wọ́n tẹ́ ẹran ara láti ẹnu aláìsàn sí, tí wọ́n sì ti fi aró p53 sí, èyí tí ń sọ kóró tí p53 wà nínú rẹ̀ di búráùn. Kò sí kóró kankan tó gba àwọ̀ búráùn níbi tí jẹjẹrẹ wà, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ohun tó ṣe p53. Ọ̀gá mi kò bínú. Ó ní kí n sún gíláàsì náà díẹ̀, síbi tí awọ ẹnu ṣì dára. Níbẹ̀, ní ìpele ìsàlẹ̀, kóró mélòó kan ti gba aró fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Bí p53 tó pé ṣe ń rí nìyẹn. Òfìfo pátápátá a máa tọ́ka sí jíìnì tí ìbàjẹ́ rẹ̀ pọ̀ débi pé kò lè pèsè pùrótíìnì mọ́. Ìbàjẹ́ mìíràn sì wà tí ń mú kí pùrótíìnì náà kó jọ, tí gbogbo kóró á ṣú.

Lórí EGFR, òdìkejì ni mo ṣe: mo rí aró tó ki, mo rò pé cetuximab, oògùn tí ń dí EGFR, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn ní 2006, yóò ṣiṣẹ́ dandan. Kì í ṣe dandan. Bí wọ́n bá dí ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, awakọ̀ á gba Ìsẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníbodè mìíràn, MET, lè gba iṣẹ́ wọlé, tàbí kí PI3K tí ó ti yí padà máa dá iṣẹ́ rán láti inú. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi bí aró EGFR ṣe ki tó yan ẹni tí yóò gba oògùn náà.