Olè Ẹṣin Lórí Owó Dọ́là 20

Bàbá kan wà tí mo ń tọ́jú ní ilé àwọn arúgbó ní Sydney níbí, ní Australia. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ní ká máa pè é, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á, torí náà “Bàbá” ni mo ń pè é. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n yọ dọ́là 20 nínú pọ́ọ̀sì mi. “Ṣé o mọ obìnrin yìí?” Mo wò ó: ìyá onígíláàsì ojú, ó dé fìlà, ó jọ ìyá ìjọ. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ́rìn-ín. “Olè ẹṣin ni.”

Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Mary Reibey ni obìnrin náà. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹṣin ẹlẹ́ṣin ní England, ó wọ aṣọ ọkùnrin, ó sì ń fi orúkọ ọkùnrin pe ara rẹ̀. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 7, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e wá síbí lọ́dún 1792. Ó lọ́kọ, ó ṣòwò, ó nílé, ó ní ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Àwọn tibí ti rí ibi tí wọ́n ti ń fọn ọ́n o.

Bàbá náà ní tirẹ̀. Ìwé ẹjọ́ baba ńlá rẹ̀ tó jí aṣọ wà lára ògiri nínú férémù, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀. Nílé tiwa, tí wọ́n bá fẹ́ fọmọ fọ́kọ, tí wọ́n wádìí tí wọ́n gbọ́ pé ẹnì kan jalè rí nídìí ìyá ọkọ ìyàwó, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ wọn nígbà tóun wà ní kékeré. Ìyá rẹ̀ ò gbà kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọkùnrin yẹn nínú ilé. Àìpẹ́ yìí ló di ohun tí wọ́n ń fi yangàn.

Nígbà náà ní England, ẹni tó bá jí ohun tó tó ṣílè 40 nínú ilé onílé, okùn ni. Àwọn méjìlá tó ń bá adájọ́ jókòó a máa ṣàánú nígbà mìíràn: ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, wọ́n á ní ṣílè 39 ni. Kàkà kí wọ́n so onítọ̀hún rọ̀, wọ́n á kó o sọdá òkun. Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó wọn lọ, títí ogun òmìnira fi tilẹ̀kùn ibẹ̀. Ni wọ́n bá ń tì wọ́n mọ́ inú ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi lórí odò Thames, ní Woolwich ní London.

Woolwich! Ọdún 6 ni mo lò níbẹ̀ kí n tó gba físà tibí. Ojoojúmọ́ ni bọ́ọ̀sì mi ń gba ẹ̀bá Arsenal, ilé iṣẹ́ ohun ìjà àtijọ́ tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n yẹn ti gbẹ́lẹ̀, tó ti di ilé olówó gọbọi báyìí. Mi ò mọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1787, ọkọ̀ 11 tó kọ́kọ́ kó ẹlẹ́wọ̀n wá síbí ṣí ní Portsmouth, ní England. Wọ́n lo oṣù mẹ́jọ lójú omi. Ìyá arúgbó kan tó tó ẹni 70 ọdún, Elizabeth Beckford, wà nínú wọn. Wàràkàṣì ló jí. Títí di 1868 tí wọ́n dáwọ́ ẹ̀ dúró, nǹkan bí 162,000 ènìyàn ni wọ́n kó wá.

Ẹni tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ni Billy Blue, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi. Ó ń já ẹrù lára ọkọ̀ tó ti West Indies dé ní Deptford, ní London, ló bá bu ṣúgà. Lọ́dún 1796, wọ́n rán an ní ọdún 7. Deptford yìí kan náà ni mo ti ń ra ata rodo àti pánlá. Àwọn ẹrú dúdú tó gbin ìrèké yẹn, ta ló san kọ́bọ̀ fún wọn? Ta ló gbé ọ̀gá wọn lọ sílé ẹjọ́?

Ọdún 1801 ni Blue gúnlẹ̀ síbí. Nígbà tó yá, ó ń fi ọkọ̀ tu èrò sọdá èbúté. Gómìnà Macquarie fún un ní ilẹ̀ éékà 80 lọ́dún 1817. (Àwọn Cammeraygal, ẹ̀yà tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ló nilẹ̀ náà. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n.) Orúkọ rẹ̀ ni àdúgbò náà ń jẹ́ dòní, Blues Point.

Sátidé tó kọjá, mo wọ fẹ́rì lọ síbẹ̀. Mo pe màámi lórí WhatsApp, mo sì yí fóònù sí bọ́ọ̀dù orúkọ títì náà. Mo ròyìn ẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

“Ṣúgà ló jí?”

“Ṣúgà ni, mà.”

“Wọ́n wá fi orúkọ ẹ̀ sọ àdúgbò.” Wọ́n kígbe pe àǹtí mi ní kíṣìnnì pé kí wọ́n wá wò ó. Mo gbé fóònù sókè kí wọ́n lè rí i dáadáa, nẹ́tíwọ̀kì bá já.