Aago Òkun Ni Kí Ẹ Máa Wò

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń múra láti wá ka ẹyẹ etí òkun ní àwọn erékùṣù Bijagós, ní Guinea-Bissau, ẹ má fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé ìwé àwòrán ẹyẹ. Red knot tí ẹ rí nínú rẹ̀, tó pọ́n láti ojú dé ikùn, aṣọ ìgbà ìbímọ ló wọ̀ yẹn, ní àríwá Siberia níbi tó ti ń yé ẹyin. Kó tó pẹ́ lọ́dọ̀ wa, á ti bọ́ ọ sílẹ̀. Curlew sandpiper náà á bọ́ tirẹ̀. Eérú lókè, funfun nísàlẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lójú kan.

Àgógó, ẹsẹ̀ àti ìrìn ni kí ẹ máa wò. Sanderling kì í sinmi: bí ìgbì bá fà sẹ́yìn, á sáré tẹ̀ lé e, bí ìgbì bá yíjú padà, á sá. Common sandpiper ń mi ìdí ṣáá, kódà bó dúró lójú kan. Whimbrel, tí àgógó rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀, akàn ló ń wá nínú ihò, pàápàá irú èyí tí akọ rẹ̀ ní ọwọ́ ràgàjì kan ṣoṣo.

Knot ló wù mí jù. Kì í fojú wá oúnjẹ. Á ki ẹnu bọ yanrìn tútù. Bí ìkarahun bá wà nítòsí, omi tó wà láàárín yanrìn kò ní ráyè kọjá bó ṣe yẹ, ṣóńṣó àgógó rẹ̀ á sì mọ̀ ọ́n lára kó tó fara kan ìkarahun náà rárá. Á gbé e mì lódidi. Iwe rẹ̀ ni yóò rún un. Ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́ nínú yanrìn gbígbẹ, torí náà ẹ mọ ibi tí omi wà kí ẹ tó máa wá ẹyẹ kiri.

Òkun ń kún, ó sì ń fà; ojoojúmọ́ ni àkókò tó ń kún ń fi bíi 50 ìṣẹ́jú pẹ́ ju ti àná lọ. Bí omi bá fà, ẹyẹ á fọ́n ká sórí ẹrẹ̀ tí ojú kò tó òpin rẹ̀. Ẹni tó ń kà wọ́n nígbà yẹn kàn ń dá ara rẹ̀ lágara ni. Bí omi bá kún, wọ́n á kóra jọ sórí ìwọ̀nba ilẹ̀ tó kù. Ẹ ka 100 dáadáa, ẹ wo bí ó ṣe gbòòrò tó, kí ẹ fi wọn ìyókù. Bí àṣá bá dà wọ́n rú, ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Àwọn erékùṣù kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún orò wọn. Ẹni tó bá mọ igbó orò nílé kò nílò àlàyé. Ẹ lọ kí àwọn àgbà kí ẹ tó wọkọ̀. Ẹ sì kí àwọn obìnrin tó ń ṣa ìkarahun lórí ẹrẹ̀: wọ́n mọ ibi tó ti gba ẹsẹ̀, wọ́n sì mọ ibi tó ti lè gbé èèyàn mì dé itan.