Láti Ìdí-Ìrókò dé Avrankou, Lọ́dọ̀ Àwọn Tó Ń Tú Àbà

Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà lọ sí Avrankou, ìlú kan ní Bẹ̀nẹ̀ tí ilé ìtọ́jú Saint Camille fún àwọn alárùn ọpọlọ wà, kó gba Ìdí-Ìrókò.  Bí ẹ bá ti ré Ìgólò kọjá, ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn lẹ wà yẹn, ẹ ó ṣì máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn oníṣòwò. Ẹ ṣẹ́ owó yín sí séfà ní ẹnubodè, kí ẹ wá wọ ọkọ̀ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ṣùgbọ́n kí ẹ sọ̀ kí ọkọ̀ tó dé ìlú: nǹkan bíi kìlómítà 10 ló wà láàárín Avrankou àti Àjàṣẹ́. Ègùn ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, Faransé sì ni èdè ìwé. Ẹ mú ẹni tó gbọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì dání. Fún ọlọ́kadà zémìjàn, Saint Camille ni kí ẹ dárúkọ.

Ilé ìtọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú ni. Ọdún 2004 ni wọ́n ṣí i, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ẹgbẹ́ Saint Camille ní ní Bẹ̀nẹ̀. Grégoire Ahongbonon tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe fadá. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni, iṣẹ́ fọkanáísà ló ń ṣe ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Ó rí já jẹ, ó ra takisí, gbogbo rẹ̀ wá tú mọ́ ọn lọ́wọ́ débi pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Fadá kan ló bá a wá ọ̀nà lọ sí Jerúsálẹ́mù lọ́dún 1982. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ ọ nínú ìwàásù pé olúkúlùkù Kristẹni ní òkúta tó yẹ kó fi kọ́ ilé Ìjọ. Nígbà tó padà dé, òun àti Léontine ìyàwó rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àdúrà sílẹ̀. Àwọn aláìsàn tí kò lẹ́nìkan ní ọsibítù ni wọ́n ń wẹ̀, tí wọ́n ń ra oògùn fún. Láti ibẹ̀ wọ́n dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ọdún 1990 ló tó fojú gán-án-ní wèrè tó wà ní ìhòòhò, tó ń wá oúnjẹ nínú pàǹtí, bí ẹni tí Jésù ń bẹ nínú rẹ̀. Òun àti aya rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ àti omi tútù kiri lálẹ́.

Ẹni tó bá ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì mọ àbà, èyí tí wọ́n kàn mọ́ Pọ́ọ̀lù àti Sílà lẹ́sẹ̀. Wọn ò tíì pa á tì: àwọn ẹbí kan ṣì ń kàn án mọ́ ẹsẹ̀ ẹni wọn tí orí rẹ̀ dàrú. Ìtì igi tútù ni, wọ́n á dá ihò sí i láàárín, ẹsẹ̀ aláìsàn á wọ ihò náà, wọ́n á wá gún irin wọlé lókè ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n á fi òòlù tẹ orí irin náà kọ. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan. Ẹlòmíràn á wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú òjò, nínú oòrùn.

Ayùn irin àti òòlù ló ń tú u, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú ayùn. Baálé àti ẹbí gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó fọwọ́ kan igi, torí ẹni tí wọ́n bá fagbára mú lọ kò ní ilé tí yóò padà sí. Bí irin bá já, ẹ má fà á dìde: iṣan itan ti gbẹ, orúnkún ti ká. Gbígbé ni wọ́n ń gbé e. Ìwẹ̀ ló kàn, lẹ́yìn náà irun fífá, aṣọ tuntun, àti egbò ẹsẹ̀ tí wọ́n á fi omi iyọ̀ fọ̀. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ni, torí bí ẹni tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́ bá jẹun yó lẹ́ẹ̀kan, iyọ̀ ara rẹ̀ lè dàrú kí ọkàn rẹ̀ sì dá. Àwọn mìíràn kì í yè é. Lọ́dún 1994, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bá ní abúlé kan lẹ́bàá Bouaké ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rà tán lábẹ́ ìdè, kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Wọ́n tú u, wọ́n wẹ̀ ẹ́, ó kú láìpẹ́.

Síbẹ̀, lójú wa, títú àbà ló rọrùn nínú iṣẹ́ yìí. Oògùn ló le. Haloperidol ń mú ohùn tí aláìsàn ń gbọ́ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ọrùn lè lọ́, ahọ́n lè yọ síta, ojú lè yí sókè. Ẹbí á ní májèlé ni tàbí pé ẹ̀mí kan ti gbé e dè, wọ́n á da oògùn nù. Oògùn mìíràn, trihexyphenidyl tàbí biperiden, ló ń tú ọrùn àti ahọ́n náà sílẹ̀, kò sì yẹ kí nọ́ọ̀sì jẹ́ kí wọ́n lọ sílé láìkìlọ̀ fún wọn. Ewu kejì ni ti ẹni tí ara rẹ̀ ti yá: á ní òun ti gbádùn, á dá oògùn dúró, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà àìsàn á padà, ẹbí á sì tún wá igi. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fluphenazine, èyí tí ọ̀kan ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lára, fi wúlò fún ẹni tí kò rántí hóró ojoojúmọ́. Ìdí náà nìyẹn tí ẹgbẹ́ yìí fi ní ibùdó kéékèèké káàkiri abúlé, tí aláìsàn ti ń wá gba oògùn oṣù, kí owó ọkọ̀ má baà di ohun tó dá a padà sínú àbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pín in, tó ń wẹ aláìsàn, jẹ́ ẹni tí wọ́n ti tọ́jú rí.

Abẹ́òkúta mọ apá kan nínú ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ní 1954 ni Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn Arò, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, sílé àwọn ará abúlé, ìbátan kan á sì bá wọn gbé.

Bí ẹ bá ń mú ẹbí yín lọ, ẹ kọ orúkọ oògùn tó ti lò sílẹ̀, iye miligíráàmù, àti ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn. Páálí rẹ̀ gan-an ló dára jù. Ẹ má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè ibùdó oògùn tó súnmọ́ ilé yín jù àti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ń wá síbẹ̀.