Ẹ̀yin tí ọkọ tàbí aya yín ń gba kíímò, ẹ máa jáde kí oòrùn tó yọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá jà, ẹ mọ òórùn ilé yẹn, òórùn oògùn tó dà pọ̀ mọ́ ti ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ. N kò ní ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Tucson la ń gbé, ní Arizona, láàárín aṣálẹ̀ Sonora. Ọdún kẹsàn-án wa rèé níbẹ̀, n kò sì fẹ́ràn ibẹ̀ rí. Gbogbo igi ló ní ẹ̀gún. Mo máa ń bi ọkọ mi, Dádì Ìbùkún, pé ta ló fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ wá jókòó sínú ààrò? Oṣù Kejì ọdún yìí ni dókítà sọ pé kókó ọrùn wọn, lymphoma ni, irú jẹjẹrẹ kan. Kíímò mẹ́fà, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sínú iṣan, ọjọ́ mọ́kànlélógún mọ́kànlélógún síra wọn. Ọ̀kan nínú oògùn náà pupa bíi sóbò. Nọ́ọ̀sì tó ń fún wọn á wọ aṣọ ìdáàbòbò kó má baà kán sí òun lára, nǹkan kan náà ló sì ń fà sínú iṣan ọkọ mi. N kò lè mu sóbò mọ́ títí dòní.

Alẹ́ kan ní ìparí oṣù Karùn-ún ni mo fẹ́ sọ. Kíímò kẹrin ti kọjá. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé bí ìgbóná ara wọn bá ti dé 100.4 ti Fahrenheit (38 ní Celsius), ká má dúró rárá, torí kíímò ti dín ohun tí ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ kù. Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀, mo fọwọ́ kan ọrùn wọn, ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Mo wọ̀n ọ́n, 101.8. Mo ní bóyá ẹ̀rọ ló ń purọ́. Mo tún un wọ̀n, 101.9.

Ní ẹ̀ka pàjáwìrì, wákàtí mẹ́ta la fi jókòó. Ọkọ mi ń gbọ̀n, eyín wọn ń lura. Wọ́n di ìró mi mú, wọ́n ní, “Ìyá Ìbùkún, bí mo bá sùn, má jẹ́ kí n sùn jù.” Mo ní, “Ẹ sùn, Dádì, mò ń wò yín.” Mo wá ń ka èémí wọn bí ẹni ń kawó. Ní aago mẹ́ta òru wa, ìyá ọkọ mi pè láti ilé, ọ̀sán ti fẹ́ pọ́n lọ́dọ̀ wọn. Mo ní, “Ẹ kú àdúrà, Màmá, wọ́n ń sùn.” Irọ́ ni. Irọ́ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù ni wọ́n tó so oògùn kọ́, nọ́ọ̀sì kan sì ní kí n lọ gba atẹ́gùn. Mo jáde sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Saguaro kan wà níbẹ̀, ọrọ́ gíga tó nawọ́ sókè bí olórin ẹ̀mí. Òdòdó funfun kún orí rẹ̀. Ẹyẹ àdàbà kan ki orí bọ inú ọ̀kan, ó yọ ojú síta, àtíkè òdòdó ti kùn ún láwọ̀ ìyeyè. Òru ni òdòdó yẹn ń là, tó bá di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti pa dé nìyẹn. Igi náà sì lè lo 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọ apá kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́sàn-án, n kò gbójú sókè wò ó! Mo rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rẹ́rìn-ín, ìró tí mo ró mọ́ra ò tilẹ̀ kọjú sóde.

Mo padà wọlé ròyìn fún wọn. Wọ́n la ojú kan. “Ṣé ó ń ta sánsán?” Mo ní ó ga jù mí lọ. Wọ́n ní, “Lọ́la, wá èyí tó kúrú.”

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn, òun náà sì ni ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ẹ máa jáde. Kí oòrùn tó mú, kí ẹnì kan bá yín jókòó ti aláìsàn fún wákàtí kan. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bi mí pé, “Ọkọ ń ṣàìsàn, o ń lọ wo igi?” Mo gbàdúrà náà o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò pààrọ̀ aṣọ ibùsùn lẹ́ẹ̀mẹta lóru kan rí, kó dákẹ́.

Ẹ̀kọ́ kejì, ẹ mú ìròyìn bọ̀ wálé. (Ó dà bíi ti àkọ́kọ́, mo mọ̀. Ẹ ṣáà máa jáde.) Mo ròyìn ọmọ àparò tí ń sáré tẹ̀lé ìyá wọn ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, àti igi palo verde tí èèpo rẹ̀ tutù bí ewé. Ẹ mú omi dání, ẹ wo ilẹ̀ nítorí ejò. Ẹ mú fóònù, àmọ́ ẹ má dá WhatsApp lóhùn. Ẹ mú òòyà pẹ̀lú, torí ọrọ́ kan wà tó ń jẹ́ cholla, tó bá lẹ̀ mọ́ yín, ẹ má fọwọ́ fà á, òòyà lẹ fi máa já a. Òòyà Dádì Ìbùkún tí kò níṣẹ́ mọ́ ni mo ń mú lọ.

Kíímò karùn-ún kọjá, ìkẹfà kọjá. Ní oṣù Kẹjọ, àyẹ̀wò ní kò sí nǹkan kan mọ́. A jó, a sunkún, a dúpẹ́.

Irun wọn ti ń hù. Láàárọ̀ àná wọ́n ní kí n dá òòyà àwọn padà. Mo ní ẹ̀gún ti kún inú rẹ̀, kí wọ́n lọ ra òmíràn.