“Ẹ káàárọ̀ mà” ní aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́

Ìyá mi kì í pe ènìyàn lọ́sàn-án. Tí wọ́n bá ti kí ìrun àsùbáà tán ní Ìbàdàn, ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ni wọ́n máa ń gbé fóònù, àwa ọmọ ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ pè. Chicago ni mò ń gbé. Lásìkò ooru, tí fóònù mi bá dún ní aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́, mi ò ní láti wo orúkọ kí n tó mọ ẹni tó ń pè.

Ní oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin California Zephyr láti Chicago lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Oakland. Bàálù ì bá ti gbé mi débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, àmọ́ mo fẹ́ fi ojú mi rí bí ilẹ̀ yìí ṣe tó. Ọ̀nà náà lé ní máìlì 2,400, nǹkan bíi kìlómítà 3,900. Ohun tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì mi ni pé aago méjì ọ̀sán la ó gbéra, a ó sì gúnlẹ̀ sí Emeryville, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oakland, lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Mo ṣírò rẹ̀ sí wákàtí 50, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Wákàtí 52 ni. Aago Chicago ni mo fi ka ìbẹ̀rẹ̀, aago California ni mo fi ka òpin.

A sọdá odò Mississippi ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà oko àgbàdo Iowa ló kù tí à ń wò títí ilẹ̀ fi ṣú. A ti kúrò ní Omaha nígbà tí fóònù dún.

“Ẹ káàárọ̀ mà.”

“Káàárọ̀, Àyìnlá. Aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ yín?”

“Mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́, mà.”

Nígbà tí mo jí, Colorado la wà. Aago ọwọ́ mi ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ojú oorun ni mo wà nígbà tí a kọjá ààlà tí aago ti ń yí padà, ní ìwọ̀-oòrùn Nebraska, lẹ́yìn ìlú McCook. Ìpínlẹ̀ Nebraska fúnra rẹ̀ pín sí méjì: apá ìlà-oòrùn ń lo aago kan, apá ìwọ̀-oòrùn ń lo òmíràn, bẹ́ẹ̀ gómìnà kan náà ló ń ṣàkóso wọn. Mo yọ aago ọwọ́ mi, mo fa orí rẹ̀ síta, mo sì yí i padà díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí kan. Ọwọ́ mi wúwo nídìí rẹ̀. Wákàtí kan tún ti wọ àárín èmi àti Ìbàdàn.

Ọkọ̀ ojú irin gan-an ló bí ètò yìí. Kí ọdún 1883 tó dé, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀sán gangan tirẹ̀: tí oòrùn bá ti dé àtàrí, aago méjìlá lù nìyẹn. Tí méjìlá bá lù ní New York, Boston ti fi ìṣẹ́jú 12 kọjá rẹ̀. Ta ló lè fi ìyẹn kọ ìwé àkókò ọkọ̀? Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin wá ṣèpàdé ní Chicago níbí ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, nígbà tó sì di ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, wọ́n tún aago ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìjọba ò tíì fọwọ́ sí i o! Ọdún 1918 ni òfin ìjọba àpapọ̀ tó dé. Ayé ń yí ìwọ̀n dígírì 15 láàárín wákàtí kan, ìyẹn ni wọ́n fi gé ilẹ̀ náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ òkè. A wọ ihò Moffat, ihò abẹ́ òkè tó gùn ju máìlì mẹ́fà lọ, òkùnkùn biribiri. Nígbà tí a jáde, a bá odò Colorado, ó sì bá wa rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìyá mi tún pè nígbà tí a kù díẹ̀ ká dé Salt Lake City.

“Mẹ́wàá ààbọ̀, mà.”

“Àná mọ́kànlá ààbọ̀ lo pè é.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Wọn ò jẹ́ kí n parí rẹ̀. “Áà, bíi ti Lomé ni!” Aṣọ ni ìyá mi ń tà nígbà tí a wà lọ́mọdé, Lomé ni wọ́n sì ti ń rajà. Kùtọ̀nú àti Èkó, aago kan náà ni wọ́n ń lò, àmọ́ tí ọkọ̀ bá ti kọjá Hillacondji wọ ilẹ̀ Togo, wákàtí kan á padà sẹ́yìn. Wọ́n ní ẹni tó bá gbàgbé á dé ọjà kí wọ́n tó ṣí ìsọ̀, á jókòó sórí ẹrù.

Nàìjíríà lè fara da aago kan. Tí ààwẹ̀ bá dé, àwọn ará Maiduguri á ti ṣínu ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ṣáájú àwọn ará Èkó, nítorí oòrùn ni wọ́n ń wò. Amẹ́ríkà ò lè ṣe é. Ká ní aago New York ni wọ́n ń lò ní Oakland, lásìkò òtútù, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ á lù kí oòrùn tó yọ. Ṣáínà yàn án bẹ́ẹ̀, aago Beijing ló kárí, mo sì ń káàánú àwọn ọmọ iléèwé tó wà ní Kashgar, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà.

Mo sùn kọjá ààlà kejì, láàárín Utah àti Nevada. Ìlú kan wà níbẹ̀, West Wendover: Nevada ló wà, aago Utah ló ń lò, nítorí Utah ni òwò àti iṣẹ́ wọn so mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, fóònù dún nílé ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, já a gbà lọ́wọ́ mi, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú fóònù.

“Ẹ káalẹ́, Màmá!”

Mo fẹ́ tún un ṣe fún un. Ìyá mi ti dáhùn.

“Káalẹ́, ọkọ mi. Ṣé o ti jẹun?”

Lẹ́yìn wọn, mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń kiri ẹ̀kọ gbígbóná.