Dúdúyẹmí kò gbààwẹ̀ o

Lọ́dún 2025, oṣù kẹta ni ààwẹ̀ bọ́ sí, oṣù tí oòrùn Ìlọrin kì í wojú ẹnikẹ́ni. Aago mẹ́rin àbọ̀ ni mo máa ń jí ṣe sààrì, àmọ́ kì í ṣe fóònù ló ń jí mi, Dúdúyẹmí ni. Bó bá ti gbọ́ ìró ìkòkò, á fi eyín gbé abọ́ tánganran rẹ̀, á sì sọ ọ́ mọ́lẹ̀, gbàn-ùn, gbàn-ùn, títí màá fi ju koríko sí i. Ehoro dúdú ni, abo. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Tanke ni mo ti rà á nígbà tíyẹn ń parí ẹ̀kọ́ tí kò ríbi gbé e sí. Ẹ má bi mí pé ìgbà wo la máa pa á. Gbogbo oníbàárà tó ń wá gbaṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Gáà-Àkànbí ló ti bi mí tán.

Lóru ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mi ò gbọ́ gbàn-ùn kankan.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ó ká jọ sí kọ̀rọ̀ àgò, ojú rẹ̀ là díẹ̀, ó sì ń run eyín, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń jẹ̀rora mọ́ra. Yúnyun tí mo já fún un nírọ̀lẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ó ti rọ. Mo ní ooru ni. Màmá mi, tó wá bá wa gbààwẹ̀ láti Ọ̀fà, ní, "Ààwẹ̀ lòun náà ń gbà. Ṣebí ehoro Ìlọrin ni." A rẹ́rìn-ín, a jẹ tiwa, a kírun àsùbá.

Ìgbà tí mo fẹ́ gbálẹ̀ àgò ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Láràárọ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń kún ìkólẹ̀ ni, roboto-roboto, gbogbo ẹ̀ dọ́gba bí ẹ̀wà tí wọ́n ti ṣà. Tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ, koríko lẹ máa rí nínú ẹ̀. (Èyí tó rọ̀, tó ń dán, tó so pọ̀ bí ọmọ èso àjàrà, ìyẹn yàtọ̀. Ìdí ara rẹ̀ ló ti máa ń fẹnu gbà á jẹ, ara ohun tó ń fún un lókun ni. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi kọ̀ láti fọwọ́ kàn án nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i.) Lọ́jọ́ náà, mọ́kànlá péré ni mo kà. Wọ́n kéré bí ọkà bàbà, irun sì sín mẹ́ta nínú wọn pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀.

Kì í ṣe pé ìwà ẹ̀ ò yí padà rí. Nígbà ọyẹ́, ó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn sí mi, ó gé mi jẹ lọ́wọ́ tó ti máa ń lá. Ó wá ń tu irun àyà ara rẹ̀, ó ń fi ẹnu kó koríko káàkiri bí ẹni tó hu irùngbọ̀n. Màmá mi ní wọ́n ti ṣe é. Dókítà ẹranko ló ṣàlàyé fún mi pé oyún èké ni. Abo ehoro kì í ní àkókò tó ń wá akọ bí ewúrẹ́. Kí akọ gùn ún gan-an ló ń mú kí ẹyin rẹ̀ sọ̀, nígbà míì ẹ̀wẹ̀, kí abo bíi tiẹ̀ gùn ún tàbí kéèyàn máa fọwọ́ ra á lẹ́yìn jù ti tó láti tan ara rẹ̀ jẹ. Oyún tòótọ́ ń lò tó ọjọ́ 31. Ti èké kì í sábà ju ọjọ́ 16 sí 18 lọ, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó fi ń ya wèrè yẹn, ó ń jẹ, ó ń ṣu. Ohun tí mo fi ń wọn ìwàkíwà rẹ̀ látìgbà náà nìyẹn. Kó bínú, kó gé mi jẹ, kó máa fẹsẹ̀ gbálẹ̀ gbì-gbì lóru. Tó bá ti jẹun, mo lè sùn.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò jẹ, kò sì ṣu.

Ẹnìkan tó ń ta oògùn ládùúgbò ní kí n tú kápúsù àǹpísílínì sómi fún un. Mo ti rà á, ó wà nínú pọ́ọ̀sì mi bí mo ṣe gbé Dúdúyẹmí sínú apẹ̀rẹ̀ tí mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ó dùn mọ́ mi pé mo fi han dókítà kó tó pẹ́. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó jù ú sínú dúróọ̀, kò dá a padà títí dòní. Ó ní kòkòrò rere ló ń bá ehoro da koríko nínú ìfun, pé irú oògùn yẹn, tó bá gba ẹnu wọlé, á pa àwọn yẹn, àwọn burúkú á wá gbalé, ehoro á sì bá a lọ.

Ó ki tẹmómítà sí i nídìí: 37.2. Ó ní 38.5 sí 40 ló yẹ kó wà. Nínú ooru yẹn, tí àágùn ń bọ́ lójú èmi àti dókítà, ara ehoro ń tutù! Ó yẹ eyín ẹ̀ wò, nítorí eyín ehoro kì í dẹ́kun híhù. Eyín dára. Ó tẹ ikùn ẹ̀ wò bóyá nǹkan dí i. Lẹ́yìn náà ló fi rọ́bà tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sí mi létí, ó gbé ẹnu ẹ̀ lé ikùn Dúdúyẹmí. Ó ní ó yẹ kí n máa gbọ́ kùrù-kùrù. Mi ò gbọ́ nǹkankan. Ó dákẹ́ bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n mú iná lọ lórí ẹ̀.

Ìfun ehoro kò gbọ́dọ̀ dúró, bó ṣe sọ nìyẹn. Koríko ló ń tì í. Bí koríko bá dín, ìfun á falẹ̀, ohun tó wà nínú ẹ̀ á gbẹ, afẹ́fẹ́ á kún inú, inú á máa run ún. Nítorí pé inú ń run ún, kò ní jẹun, nítorí pé kò jẹun, ìfun á túbọ̀ dúró. Kì í sì í bì. Ó ní tó bá ti tó wákàtí 12 tí ehoro ò fẹnu kan nǹkan, kí n má dúró de ilẹ̀ mọ́.

"Kí lẹ ń fún un jẹ?"

Mo ní koríko, yúnyun, igbálọdẹ, fíìdì díẹ̀. Mò ń kà á bí ọmọ tó mọ ìwé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méje tó tẹ̀ lé wa, wá ní, "Ánńtí, àti búrẹ́dì."

Búrẹ́dì wo? Búrẹ́dì sààrì ni. Èyí tí kò lè jẹ tán ló ń rọra ki bọ inú àgò kí n má bàa bá a wí. Látìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìṣínu. Ta ló máa wá jẹ koríko? Ká má purọ́, mo lọ́wọ́ sí i: abọ́ omi ẹ̀ wà níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń bá a, omi náà ń gbóná bí èyí tí wọ́n fẹ́ fi rọ ẹ̀bà, kì í mu ún dáadáa.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ìrora, wọ́n fi omi sí i lábẹ́ awọ. Nílé, mo fi aṣọ wé ìgò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rẹ fíìdì kó kúnná, mo ń fi sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ fún un lẹ́bàá ẹnu, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n pe ìrun Magaribi, sírínjì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Màmá mi ló fi dàbínù sí mi lẹ́nu.

Òru ọjọ́ kejì, nǹkan bọ́ sórí itan mi. Ẹyọ kan. Mo figbe ta, gbogbo ilé jí.

"Ìgbẹ́ lo ń pariwo lé lórí báyìí?" Màmá mi ló ń sọ̀rọ̀, àmọ́ òun náà ti tan tọ́ọ̀ṣì, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá ìkejì.

Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ ló padà sí Ọ̀fà. Bó bá pè mí láràárọ̀ báyìí, kí n tó kí i ẹ káàárọ̀ tán, á ti ní, "Ó ṣu?"