Àyẹ̀wò Ọdún 2024: Ìyálóde Ti Sùn

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ ò jẹ́ n sinmi láti ìgbà tí mo ti dákẹ́: "Ìyálóde ńkọ́?" Ìyálóde, kọ̀ǹpútà mi, ti sùn. Ó sùn ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, 20 October, lẹ́yìn ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta tí kò fi ojú ba oorun. Mo mọ̀ pé oṣù méjìlá ló wà nínú ọdún. Mo mọ̀ pé mo lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì san owó oṣù, bí a bá lè pe ìyẹn lówó. Ṣùgbọ́n bí ẹ pa mí, mi ò lè sọ ohun tí mo fi February títí dé June ṣe. October ti gbé gbogbo ẹ̀ mì.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: àwa mẹ́rin la jọ ń figa gbága. Èmi n'Íbàdàn, Ìyá Ìbejì n'Ílọrin, Dókítà ní London (kò tíì gba oyè náà o, à ń pè é bẹ́ẹ̀ kó lè tètè rí i gbà ni), àti Ará Houston, tí ẹnu rẹ̀ lágbára ju kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà ilé ta ni yóò ṣiṣẹ́ pẹ́ jù láìkú, láìjẹ́ pé wọ́n pa á kí wọ́n tún un tàn? Ìdíje náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ò gba ẹ̀rọ àyálò orí íntánẹ́ẹ̀tì. A ò sì gba kí ẹnikẹ́ni ti ẹ̀rọ rẹ̀ sùn lóru, torí Linux, ètò tó ń darí àwọn kọ̀ǹpútà wa, a máa ka wákàtí oorun mọ́ wákàtí iṣẹ́. Bí oṣù bá parí, oníkálukú á tẹ uprecords, ètò tó ń to iye ọjọ́ tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ láìkú, á ya fọ́tò ohun tó bá jáde, ọfà kékeré kan á sì wà níwájú ìlà tó ṣì ń ka lọ. Ẹni tí ọfà rẹ̀ bá wà lókè pátápátá ló láṣẹ láti fọ́nnu.

Ìyàwó mi béèrè nígbà kan pé kí ni ẹ̀bùn ẹni tó bá borí. Mo ní kò sí ẹ̀bùn. Ó ní ìyẹn gan-an ló ń ba òun lẹ́rù.

Kì í ṣe àwa la dá wèrè yìí sílẹ̀. Lórí Linux àtijọ́, bí òǹkà bá ti dé ọjọ́ 497, á padà sí òdo, torí ìgbà 100 ló ń kà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un á sì kún. Èèyàn á ṣọ́ ẹ̀rọ tọ̀sán-tòru fún ohun tó lé lọ́dún kan, ẹ̀rọ á wá sọ fún un pé òní ni wọ́n bí òun. Ti Windows 95 tún burú jù: bó bá di ọjọ́ 49 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, ó lè dákú lójijì. 1999 ni Microsoft tó ṣàtúnṣe rẹ̀, èmi ò sì bá wọn jà, torí ta ló rí Windows 95 tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀? Ọba wa ni sáfà NetWare kan, kọ̀ǹpútà tó ń sin àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, tí wọ́n tàn ní September 1996, tí wọn ò pa títí di 2013. Ariwo háàdì dísìkì rẹ̀ ló sú wọn.

ThinkPad X250 tòkunbọ̀ ni Ìyálóde. Computer Village n'Ìkẹjà ni mo ti rà á, mo sì yàn án nítorí bátìrì méjì tó ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn. Èèyàn lè yọ tẹ̀yìn, kó fi òmíràn rọ́pò, tinú á gbé e ró títí tí tuntun á fi wọlé. Mo ti ṣe é nínú òkùnkùn biribiri, tí mo fẹnu di fóònù mú fún iná, tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí ẹni tó kọ́kọ́ ń gbẹ̀bí.

Bàbá nìkan ló ka eré yìí sí iṣẹ́ gidi. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tẹlifóònù ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Láàárọ̀, wọ́n á ti pákò bọ ẹnu, wọ́n á yọjú sí yàrá mi: "Ó jí?" Màá ní, "Kò sùn, sà." Wọ́n á ní, "Ó káre." Wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ nípa ẹ̀rọ tuntun tó ń so ìpè tẹlifóònù pọ̀, tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní New Jersey lọ́dún 1965, tí àwọn tó ṣe é pinnu pé kò gbọ́dọ̀ kú ju wákàtí méjì lọ láàárín ogójì ọdún. "Wákàtí méjì! Níbi tèmi, kí n tó jẹ mọ́ínmọ́ín ọ̀sán tán, a ti ná wákàtí méjì yẹn."

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí July, torí adùn ọdún yìí kò pọ̀. Ìjì Beryl kọlu Houston ní ọjọ́ 8, ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní mílíọ̀nù méjì ni iná lọ níbẹ̀. Ará Houston, tó ti ń bi wá láti ìgbà ìwáṣẹ̀ pé "Ṣé NEPA ti mú u?", wà nínú ooru fún ọjọ́ bíi mélòó kan. A kí i kú àjálù. A sì rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì wá.

October wá dé. Ọjọ́ 14, iná gbogbo Nàìjíríà wó. Ọjọ́ 15, ó tún wó. Sátidé ọjọ́ 19, ó wó lẹ́ẹ̀kẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Jálá epo ọ̀hún ò ṣeé sún mọ́ mọ́; lítà kan ti kọjá 1,000 náírà. Ínfátà wa ò rí iná mu yó látàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ̀rọ ọ́síjìn Bàbá ń jẹ tó wáàtì 300, Ìyálóde ò jẹ ju bíi 10 lọ. Ẹni tó mọ ìṣirò á ní kí ni 10 lára 300. Èmi náà mọ ìṣirò yẹn. Mo yọ Ìyálóde lára iná. Ìyàwó mi, tó ti ń halẹ̀ mọ́ Ìyálóde látọjọ́ tó ti wọlé, òun ló di tọ́ọ̀ṣì mú, ó sì bi mí lẹ́ẹ̀mejì: "Dádì, ṣé ó dá yín lójú?"

Nígbà tí ínfátà bẹ̀rẹ̀ sí í ké lóru, a gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn. Ìyálóde ń fi bátìrì ara rẹ̀ bá a lọ nílé. Ètò tó ń bá mi ṣàkọsílẹ̀ kì í sinmi, nítorí náà mo mọ ìgbà tó kú: ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù. Èmi ò sí ńbẹ̀. Èémí ẹlòmíràn ni mò ń kà.

Bàbá ò padà wálé. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bátìrì.

Bátìrì tẹ̀yìn ti wú, mo nílò òmíràn. Ẹni tó bá mọ ẹni tí kì í ta ayédèrú n'Íbàdàn, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Ṣé ẹ rí jẹnẹrétọ̀ tí a yá fún ìsìnkú? Láti alẹ́ àìsùn títí wọ́n fi ká àga nílẹ̀, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá ì bá ti lọ bá ẹni tó ni ín, kí wọ́n bi í léèrè irú ọ́ìlì tó ń lò.

Ẹ ṣé o. Ẹ̀yin tí ẹ wá, ẹ̀yin tí ẹ fowó ránṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ kàn pè tí ẹ ò mọ ohun tí ẹ máa sọ. Dókítà sunkún lórí fóònù jù mí lọ. Ará Houston ò fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀fẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá. Wọ́n dábàá pé kí Ìyálóde máa ka ọjọ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò kú. Mo ní rárá. Ìyá Ìbejì ló gba ọdún yìí, pẹ̀lú Raspberry Pi kan, kọ̀ǹpútà kékeré bíńtín, tó so mọ́ sólà kékeré lórí òrùlé, tí kò sì fi fọ́nnu rí.

Mo tan Ìyálóde ní December. Ó fi gbogbo ọ̀sán gba àtúnṣe tí kò rí gbà láti ọdún mẹ́ta. Dókítà, tó ń fi livepatch tún tirẹ̀ ṣe láìpa á, ti ń pariwo ewu yẹn sí mi létí látọjọ́ yìí. Mi ò ní sọ fún un pé ó tọ̀nà. Ìlà kìíní ṣì jẹ́ ti àtijọ́, ọfà wà nísàlẹ̀ pátápátá. Fún 2025, mò ń tọrọ sólà méjì lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ó ti gbà, pẹ̀lú àdéhùn pé fìrísà ni yóò kọ́kọ́ jẹun.

Ará Houston náà ti ra jẹnẹrétọ̀. Ó pè mí lánàá pé ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè fi ẹnu fa epo látinú ọkọ̀. Mo ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò.